Irun a Máa Hù, Irin Kì í Hù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ nìkan ni òwe yìí ń sọ. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà mi ní Agége lẹ́yìn ilé-ìwé ni mo tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ní orí, àti pé wọ́n máa ń fá a.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, ilẹ̀ á máa mì, Bàbá á sì dá iṣẹ́ dúró títí yóò fi kọjá tán. Lórí ògiri, lókè ibi tí wọ́n ń kó gásíkẹ́ẹ̀tì sí, písítìnì kan wà tí wọ́n fi wáyà so rọ̀. Ihò kan wà ní orí rẹ̀ tí ìka mi lè wọ̀, etí ihò náà sì rí bí àbẹ́là tó yọ́. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, "Kí ló lu ihò sí i?" Àròkọ yìí ni ìdáhùn tèmi. Kí n tó lè dáhùn, mo ní láti sọ ìtàn ojú irin, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà, àti ti ìgbà tí náírà já.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí orí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ní 1876 ni Nikolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, yóò fún wọn pọ̀, yóò sun wọ́n, yóò sì lé èéfín jáde. Ọ̀nà yìí náà ni ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ń gbà ṣiṣẹ́ títí di òní. Inú ara ẹ́ńjìnnì, tí a ń pè ní búlọ́ọ̀kù, ni písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Ohun tó dé e lórí, bí ọmọrí ti ń dé ìkòkò, ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Òun ni mò ń pè ní orí. Fáàfù àti púlọ́ọ̀gì wà nínú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn kòtò róbótó tí epo ti ń jóná. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín orí àti ara, òun ni kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná pàdé ara wọn.

Kí gásíkẹ́ẹ̀tì tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ojú orí àti ojú búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí orí bá wọ́, kódà bí wíwọ́ náà kò ju fífẹ̀ irun kan lọ, wàhálà ti dé. Omi á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì funfun bí ògì. Rédíétọ̀ á máa hó, ọkọ̀ á máa tú èéfín funfun. Ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe ni pé kí a tú orí náà, kí a gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, kí a sì fá ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún tẹ́. Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fá orí tí kò ní àrùn kankan, kí ọkọ̀ lè sáré sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe eré ìje ló gbé orí ẹ́ńjìnnì dé abẹ́ ẹ̀rọ. Ìtàn ló gbé e débẹ̀.

Ojú irin ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Nígbà tó di 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Agége wà lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn àgbẹ̀ bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker dá oko kòkó àti obì ńlá sí agbègbè náà, ọkọ̀ ojú irin sì ni wọ́n fi ń kó obì Agége lọ sí Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò lè máa rìn bí kò bá sí ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ibi iṣẹ́ ńlá ní Ẹbúté Mẹ́ta, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin tí a sì ń wọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbà mi ti kọ́ṣẹ́ ní 1966. Ó máa ń sọ pé ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀gá òun kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ìwọ̀n nìkan ni wọ́n ń kọ́ òun: kí òun wọn irin lówùúrọ̀, kí òun tún un wọ̀n lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, kí òun sì sọ ìdí tí ìwọ̀n méjèèjì kò fi bára mu. Inú bí i nígbà náà. Ó ní, "Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣòfò ni. Mi ò mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ náà ni wọ́n ti kọ́ mi tán yẹn."

Láàárín àkókò yẹn, Ìkẹjà ti ń yí padà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà tẹ́lẹ̀, ìjọba náà ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìparí àwọn ọdún 1950. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury náà dé sí Agídíǹgbì. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà bọ́ sínú rẹ̀, ó sì di olú-ìlú rẹ̀ ní 1976. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti Agége, Ọ̀gbà àti Ìfàkò rọ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Bàbá àgbà mi wà lára wọn láti 1974. Ilé-iṣẹ́ kan ní Òpópónà Ọba Akran gbà á láti máa gbẹ́ àwọn irin tó bá jẹ nínú ẹ̀rọ wọn.

Ọdún kejì rẹ̀, 1975, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó. Owó epo rọ̀bì wà lóde, ọkọ̀ sì pọ̀ lójú pópó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Peugeot 504. Òun ni wọ́n fi ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, òun náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń gùn. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe físíìsì, ẹ rántí pé ohun líle máa ń fẹ̀ sí i bó bá gbóná, àti pé alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ní ìlọ́po méjì irin. Ẹ mú orí kan tó gùn ní 400 mílímítà. Bó bá kúrò ní ìwọ̀n ooru 30 tó sì dé 90, alumíníọ̀mù á fi nǹkan bíi 0.55 mílímítà gùn sí i. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní lé ju nǹkan bíi 0.28 lọ. Bóòtù ti so àwọn méjèèjì pọ̀, wọn kò lè pínyà. Bí omi bá wà nínú rédíétọ̀, kò sí ewu, nítorí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó, tí ooru kọjá ààlà, orí tí kò rí àyè nà síwájú á tẹ̀ sókè. Bó bá tutù tán, kì í tẹ́ padà.

Nígbà tí owó wà, ẹni tí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́ lè ra tuntun. Owó náà kò pẹ́ tán. Iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì já. Ní 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ń kó wọlé láti òkè òkun di ọ̀wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Ní 1984, ó kan bàbá àgbà mi. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí mẹ̀kúnnù ń fi ojú lásán wò. Ìgbà náà ni tókunbọ̀ gba ìgboro. Orí tuntun fún 504 wọ́n ju owó tí awakọ̀ lè rí kó jọ lóṣù mélòó kan lọ. Bí a bá tún ti ògbólógbòó ṣe, ọkọ̀ á jáde lọ́la.

Báyìí ni ẹni tí wọ́n dá dúró ní Ìkẹjà ṣe di ọ̀gá ní Agége. Bàbá fi owó tí wọ́n fún un ra àlòkù ẹ̀rọ kan, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òun nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí rélùwéè àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi kọ́ wọn ni wọ́n gbé wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé SAP pa iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkó, mo máa ń rántí pé ó tún tú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ká sí àdúgbò, àwọn ni wọn kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ dúró nílẹ̀.

Ó wá ku písítìnì orí ògiri. Ní 1988, awakọ̀ kan gbé orí 504 rẹ̀ wá. Ó wọ́. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, awakọ̀ sì ń kánjú. Bàbá fá nǹkan bíi mílímítà kan kúrò. Kò wọ̀n ọ́n, kò sì béèrè bóyá ẹnìkan ti fá a rí. Ẹnìkan ti fá a rí. Nígbà tí wọ́n dè é tán, awakọ̀ náà yọ̀, ó ní ọkọ̀ òun tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ká ní àyè tí písítìnì kan ń gbá jẹ́ 490 lítà kékeré, èyí tí a ń kọ ní cc, tí àyè tó kù lókè rẹ̀, níbi tí iná ti ń jó, sì jẹ́ 70. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 560. Bí a bá fi 70 pín in, a ó rí 8. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì náà ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 8. Bí ẹnu kòtò náà bá fẹ̀ ní 8 sẹ̀ǹtímítà, mílímítà kan tí a fá kúrò á gba nǹkan bíi 5 cc lọ. Ó ku 65, ìfúnpọ̀ sì di 8.54. Bí a bá tún fá mílímítà mìíràn, ó ku 60, ìfúnpọ̀ di 9.17. Bí ìfúnpọ̀ bá ti ń ga ni epo ń fi agbára tó pọ̀ sí i sílẹ̀. Lórí ìwé, ohun tí ẹ́ńjìnnì Otto lè rí nínú ooru epo rẹ̀ á kúrò ní nǹkan bí ìdá 56.5 nínú 100, á di 58.8. Èrè kékeré ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ dunjú á mọ̀ ọ́n lára.

Kò sí èrè tí kò ní ohun tí a fi rà á. Ohun tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, gẹ́gẹ́ bí ẹnu páǹpù kẹ̀kẹ́ ti ń gbóná lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Harry Ricardo, ẹlẹ́ńjìnnì ará Ìlú Ọba, fi hàn pé epo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí a lè fún un pọ̀ dé. Bí a bá kọjá ibẹ̀, apá kan lára epo náà á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì bú lu orí písítìnì. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ní 1921, Thomas Midgley ní Amẹ́ríkà rí i pé èròjà kan tí wọ́n fi òjé ṣe máa ń dá ìbúgbàù yìí dúró, wọ́n sì ń dà á sínú bẹntiróòlù káàkiri ayé.

Awakọ̀ 504 yẹn gbọ́ òkúta inú agolo náà ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí èrò àti ẹrù kún ọkọ̀. Ó ní òun máa rọra wà á. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ooru fi yọ́ ihò sí orí písítìnì. Ó gbé e wá, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú Bàbá láìsọ̀rọ̀. Bàbá ta tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ láti fi ra òmíràn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wáyà so èyí tó lu kọ́ sórí ògiri.

Láti ọjọ́ náà, kò fá orí kankan láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Yóò wọn gíga rẹ̀, yóò fi wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, yóò dojú orí náà sókè, yóò fi ike tó mọ́ gaara bo kòtò kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi sírínjì fa kẹrosíìnì sínú rẹ̀ títí yóò fi kún. Iye tó bá wọlé ni ìwọ̀n kòtò náà. Bí àyè bá ti dín jù, ó lè ní kí wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣọ́ra fún. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣe pé orí ni ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù wà, fífá a máa ń mú ọ̀pá náà sún mọ́ ìsàlẹ̀, fáàfù á sì máa ṣí pẹ́ díẹ̀ ju àkókò rẹ̀ lọ. Ẹ̀wẹ̀, fáàfù lè lu písítìnì.

Ayé náà ṣì ń yí iṣẹ́ náà padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjé inú bẹntiróòlù jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọpọlọ ọmọdé. Nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà ti pa á tì. Algeria ló pa á tì kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021. Ohun rere gbáà ni, ṣùgbọ́n òjé yẹn náà ló ń ṣe bí òróró láàárín fáàfù àti ìjókòó rẹ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Nígbà tó lọ, ìjókòó fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn oníṣẹ́ Agége ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìjókòó àtijọ́ jáde, kí wọ́n sì fi irin tó le sí i rọ́pò rẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni ìtàn yìí wọ ilé wa. Danfó ni bàbá mi ń wà, òun ló ń bọ́ gbogbo wa. Ó hó lójú ọ̀nà Ìyànà Ìpájà, orí rẹ̀ sì wọ́. Owó ìdánwò WAEC mi ló wà nílé nígbà náà, kò sí òmíràn. Bàbá mi gbé orí náà lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà wọ̀n ọ́n, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Wọ́n ti fá ju mílímítà kan lọ kúrò lára rẹ̀ kí a tó ra ọkọ̀ náà.

Bàbá mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fá a. Mo máa rọra wà á."

Bàbá àgbà na ọwọ́ sí ògiri. Ó ní, "Ẹni tó ni ìyẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Bàbá mi bínú jáde. Àwọn mìíràn wà tí wọn ì bá fá a lówó pọ́ọ́kú, ó sì mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ fi wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nílé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi bẹ àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó tòun ṣáájú. A lọ sí ọjà Ládípọ̀, a ra orí tókunbọ̀ kan. Èmi gan-an ni mo fi sírínjì wọn kòtò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí bàbá àgbà ń wò mí lẹ́yìn. Nígbà tí mo ka iye tó wọ èyí tó kẹ́yìn, ó ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà péré ni ó fá kúrò. Mo san owó ìdánwò mi nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti í. Danfó náà ṣì ń rìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò mọ sórí ọkọ̀. Àìní ló kọ́ àwọn bàbá wa ní Agége láti máa fá ohun tí wọn kò lè rà, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi owó ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ rán ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n abẹ nìkan kọ́ ni rélùwéè fi lé wọn lọ́wọ́, ìwọ̀n ló kọ́kọ́ fún wọn. Ẹni tó mú abẹ tó fi ìwọ̀n sílẹ̀ ti gbàgbé ìdajì iṣẹ́ náà. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n mú wa lọ sí irú ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì tó wà níbẹ̀ pọ̀, àwọn àgbà tó ni ìmọ̀ náà sì ti ń dàgbà lọ. Bí onígbàjámọ̀ bá fá orí ọmọ jù, ìyá rẹ̀ á ní kó má sunkún, yóò tún hù. Orí ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tuntun kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá lóṣù tó kọjá. Bàbá ní kí n bi í ní ìbéèrè náà. Mo na ọwọ́ sí ògiri, mo ní, "Kí ló lu ihò sí i?" Ó ní iná ni. Mo ní kó lọ mú ìwọ̀n wá.